Ìjókòó Ìbídùn

Àbúrò mi fi í ránṣẹ́ láti òkè òkun
nínú páálí tó ga ju ọmọ tó ni ín lọ.
Mo tú u sílẹ̀ níwájú ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n,
ọ̀sán Sátidé, ọyẹ́ ti la ètè gbogbo wa.
Èdè mẹ́fà ló wà nínú ìwé tó bá a wá.
Tiwa kò sí níbẹ̀.

Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀pà.
Ó wo ìjókòó náà títí.
"Kí ni ọmọ oṣù mẹ́jọ ṣe tí ẹ fẹ́ dè é mọ́lẹ̀?"
Ó ní ẹ̀yìn òun gbé ọmọ méje
láti ibí dé Arámọkọ,
òun ò já ọ̀kan bọ́.
Mi ò jiyàn. Òótọ́ ni.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lẹ fi rìn ín, Màmá,
búréèkì ẹsẹ̀ kì í já.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń wakọ̀ lójú ọ̀nà òkè yìí.
Mo mọ kọ́nà ìsàlẹ̀ yẹn,
níbi tí ọkọ̀ agégẹdú ti ń já bọ̀ bí ẹni ebi ń lé.
Mo mọ ìwọ̀n ohun tí apá ìyá lè dì mú
nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì.
Mo ti rí i lẹ́ẹ̀kan.
Mi ò ní sọ ọ́.

Ẹ̀yìn ni mo gbé e sí, n kò gbé e síwájú:
báàgì afẹ́fẹ́ tó ń gba àgbà là
lè lu ọmọ ọwọ́ pa.
Mo kọjú ìjókòó náà sẹ́yìn ọkọ̀.
"Ọmọ tí kò rí iwájú,
báwo ló ṣe máa mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ?"
Mo ní, Màmá, orí rẹ̀ ṣì wúwo ju ọrùn rẹ̀ lọ.
Bí a bá kọlu nǹkan, ìjókòó yìí ni yóò gba orí náà dúró,
bí ẹ ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ gba orí ọmọ
tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́.

Ó dákẹ́. Ó bó ẹ̀pà méjì.

Mo ki bẹ́líìtì bọ ihò, ihò kọ́ nìyẹn,
mo fà á yọ, mo tún ìwé kà,
òógùn ń bọ́ lójú mi nínú ọyẹ́.
Nígbà tó yá mo ní, ó parí.
Màmá dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò láṣọ,
ó di ìdí ìjókòó náà mú, ó mì ín.
Ó lọ sọ́tùn-ún. Ó lọ sósì.
"Ọ̀já yìí ò le.
Ká ní bí mo ṣe pọ̀n ẹ́ nìyí,
o ò bá ti já bọ́ lójú ọ̀nà odò."

Ó ní kí n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́.
Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́,
òun fa bẹ́líìtì,
obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ó tún un mì.
Ìjókòó kò mì. Ọkọ̀ ló mì.

Òun náà ló bọ́ súẹ́tà ọyẹ́ lára Ìbídùn:
"Aṣọ tó wú a máa tan ọ̀já jẹ."
Ó ki apá ọmọ bọ okùn,
bọ́kùlù dún kẹ́ láyà, ní ọ̀gangan abíyá.
Ó fẹ́ fi ìka méjì fún okùn náà léjìká,
kò rí nǹkan kan fún.
Nígbà náà ló tó fi ìró rẹ̀ bò ó láti òkè,
tó wá jókòó tì í.

Kí n tó ṣáná sọ́kọ̀, mo gbọ́ kẹ́ kejì lẹ́yìn.
Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

A gba ọ̀nà Adó.
Ojú títì ni èmi ń wò, ojú ọmọ ni Màmá ń wò.
Ìbídùn nìkan ló ń rí òkè Ẹ̀fọ̀n
bí a ti ń fi í sílẹ̀.